Ọmọlangidi, ẹ̀bùn fún ọmọ-ọmọ
Igi gbígbẹ́, ilẹ̀ Yorùbá

Ara rẹ̀ rí pẹlẹbẹ, kò lápá, kò lẹ́sẹ̀, kó lè rọrùn fún ọmọdébìnrin láti fi ọ̀já pọ̀n ọ́n. Orí ni agbẹ́gilére ti lo ọgbọ́n rẹ̀: irun dídì tó fín finnífinní, ojú, ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bàbá àgbà tó mọ igi gbẹ́ lè fi ṣe ọmọ-ọmọ rẹ̀ lóore, ohun ìṣeré tí ọmọ fi ń kọ́ ìtọ́jú ọmọ.

Ẹ̀bùn yìí yẹ Ìfọ́n-Ọ̀ṣun gan-an, ìlú tí ọba rẹ̀ ń jẹ́ Olúfọ́n, níbi tí wọ́n ti ń bọ Ọbàtálá, òrìṣà tó ń mọ ọmọ nínú oyún.

Ọmọlangidi tún ní iṣẹ́ mìíràn: bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn ìdílé kan, pàápàá àwọn Mùsùlùmí, a máa lò ó dípò ère ìbejì tí wọ́n ń gbẹ́ fún èyí tó kú.