Gíláàsì tó fọ́ tí kò túká

Ẹnìkan fi fídíò ọkùnrin kan tó ń fi òòlù lu gíláàsì ránṣẹ́ síbí lánàá, àwọn kan ní oògùn ni. Kì í ṣe oògùn o. Èmi tí mò ń ta gíláàsì mọ́tò ní Kaduna níbí, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín.

Simon Berger lorúkọ rẹ̀, ọmọ Switzerland ni. Iṣẹ́ káfíńtà ló kọ́ kó tó di oníṣẹ́ ọnà. Ojú Kamala Harris tó fi òòlù lù jáde, Washington ni wọ́n gbé e kalẹ̀ sí ní 2021, níwájú ilé ìrántí Lincoln. Kò sí ọ̀dà kankan níbẹ̀.

Laminated ni gíláàsì náà, irú èyí tó wà níwájú mọ́tò. Méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, rọ́bà tín-ín-rín wá wà láàárín bí ẹ̀wà inú búrẹ́dì. Tí òòlù bá bà á, gíláàsì á sán, ṣùgbọ́n rọ́bà yẹn ò ní jẹ́ kó já bọ́. Ibi tó sán á funfun, torí ìmọ́lẹ̀ ò lè gba ibẹ̀ kọjá tààrà mọ́, ńṣe ló ń fọ́n káàkiri. Ibi tí kò lù, tí nǹkan dúdú bá wà lẹ́yìn rẹ̀, á dúdú. Nítorí náà, iwájú orí àti imú ló ń lù jù. Ẹyinjú, á fi í sílẹ̀. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé kò sí pípa rẹ́. Káfíńtà lè fá igi tó gé ṣì. Gíláàsì tó bá ti sán, ó ti sán nìyẹn.

Ọmọ Faransé kan, Édouard Bénédictus, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Wọ́n ní ìgò kan já bọ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀, ó fọ́ àmọ́ kò túká, torí kẹ́míkà tó ti gbẹ mọ́ inú rẹ̀ bí awọ. Ní 1909 ló gbàwé àṣẹ lé e lórí.

Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ mọ́tò ò lè ṣe é. Tempered nìyẹn, lílù kan péré, gbogbo rẹ̀ á dà sílẹ̀ bí ọkà. Ti fèrèsé ilé ló burú jù, bí ọ̀bẹ ló ń fọ́. Mo sì ń rí bọ́ọ̀sì tí wọ́n gé gíláàsì fèrèsé sí iwájú rẹ̀ nítorí owó pọ́ọ́kú! Tí òkúta bá bà á lójú ọ̀nà, àyà dírẹ́bà àti ti ẹni tó jókòó tì í ló ń lọ. Irú ọkọ̀ yẹn la sì ń kó ẹrù sí, tí a ń wọ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo etí gíláàsì náà, ẹ máa rí ìlà rọ́bà láàárín méjèèjì. Tí wọ́n bá ti dé etí rẹ̀ pa, ẹ wá ọ̀rọ̀ LAMINATED ní igun rẹ̀.

Ẹni wa ní Bida tó béèrè bóyá àwọn Masaga lè ra àfọ́kù rẹ̀ lọ́wọ́ wa: ìgò làwọn ń yọ́ ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́. Tiwa yìí, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ bó rọ́bà yẹn kúrò, kì í sì í rọrùn ún bó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bá ìgò wọn lọ.