Ẹṣin Gaani àti Ìgbà Òjò: Ìdí tí Ó Fi Yẹ Kí Dókítà Ẹran Lọ Bá Ẹṣin Nílé

Bí oṣù Gaani bá ti lé, ojú gbogbo ènìyàn ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ a yí sí ìhà àríwá, sí ìlú Nikki ní ilẹ̀ Borgu, níbi tí ọba ńlá àwọn Bàrìbá wà. Kàkàkí a máa dún, ìlù ọba a máa ró, àwọn ọmọ ọba a gun ẹṣin tí a fi aṣọ aláràbarà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, wọn a sì sá a níwájú Sinaboko, ọba Nikki. Láti Àjàṣẹ́ níbí, ìrìn náà lé ní 500 kìlómítà, síbẹ̀ àwọn ará wa kì í gbẹ́yìn níbẹ̀. Ẹni tí kò bá lè lọ a wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n.

Àwòrán ẹṣin tó ń sáré ni gbogbo wa ń mú bọ̀ wálé. Ohun tí a kì í sábà béèrè ni pé, ẹṣin tó gbé ọmọ ọba yípo ààfin, ta ni ó yẹ ara rẹ̀ wò kí ó tó jáde? Ta ni yóò sì tún un yẹ̀ wò bí ó bá padà sí ibùso rẹ̀? Ìbéèrè yìí ni a gbé síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí, nítorí pé ọdọọdún ni kàlẹ́ńdà ń mú un le sí i.

Òṣùpá ni Gaani ń tẹ̀lé. Ó ń bá Mọ́lúdì, àjọ̀dún ìbí Ànábì, rìn pọ̀, nítorí náà ni ó fi ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣíwájú lọ́dọọdún. Ní ọdún 2021, Mọ́lúdì bọ́ sí àárín oṣù kẹwàá, nígbà tí òjò Borgu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Ní ọdún 2024, àárín oṣù kẹsàn-án ni. Ti ọdún 2026 bọ́ sí ìparí oṣù kẹjọ, kí ó sì tó di ọdún 2030, yóò ti wọ inú oṣù keje. Òjò ní tirẹ̀ kò mọ òṣùpá. Ní ilẹ̀ Borgu, láti nǹkan bí oṣù karùn-ún títí dé oṣù kẹwàá ni ó ń rọ̀, oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ni ó sì ń pọ̀ jù lọ. Èyí já sí pé fún ọ̀pọ̀ ọdún tó ń bọ̀, ìgbà tí àrùn ń wá ẹṣin kiri gan-an ni a óò máa kó àwọn ẹṣin jọ, tí a óò máa sá wọn.

Ohun tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ mọ̀

Ọ̀rọ̀ ẹṣin àti òjò kì í ṣe tuntun nínú ìtàn wa. Ẹṣin ni agbára Ọ̀yọ́ Ilé, ọ̀dọ̀ àwọn ará àríwá ni wọ́n sì ti ń rà á. Ní Ọ̀yọ́, oyè ńlá ni Olókùn Ẹṣin jẹ́ láàfin. Orúkọ oyè náà ti sọ iṣẹ́ rẹ̀: ẹni tí okùn ẹṣin ọba wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtọ́jú ẹṣin kì í ṣe iṣẹ́ tí a kàn ń jù sí ọwọ́ ọmọdé.

Ní ọdún 1726, àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ já lu Dàhòmẹ̀, wọ́n sì ṣẹ́gun. Nígbà tí wọ́n tún padà wá láàárín ọdún 1728 sí 1730, Ọba Agaja fi ìlú sílẹ̀, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wọ inú igbó, ó sì ń dúró de òjò. Bí òjò ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, tí oúnjẹ ẹṣin sì ń wọ́n, kò sí ohun tí ogun Ọ̀yọ́ lè ṣe ju kí ó yí ojú padà sílé. Àwọn jagunjagun náà mọ̀ dájú pé ẹṣin tó bá pẹ́ ní ìsàlẹ̀ nígbà òjò, ikú ló ń wá.

Ohun tó ń pa á kò hàn sí ẹnikẹ́ni títí di àwọn ọdún 1890, nígbà tí David Bruce, dókítà ológun Gẹ̀ẹ́sì, rí kòkòrò àìfojúrí kan nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹran tó ń ṣàìsàn ní Zululand, tí ó sì fi hàn pé eṣinṣin tsetse ni ó ń gbé e kiri. Kòkòrò yìí kan náà wà lára ìdí tí ẹṣin fi ṣọ̀wọ́n ní Àjàṣẹ́ àti ní gbogbo etí ọ̀sà títí di òní. Ẹṣin díẹ̀ tí a bá rí níhìn-ín, láti òkè ni a ti sábà ń mú un wá.

Àrùn méjì tí òjò ń mú wá

Èkíní ni àrùn eṣinṣin tsetse yìí, tí àwọn dókítà wa ń pè ní trypanosomose. Ọ̀sán ni eṣinṣin náà ń jẹni, ibòji etí odò ni ó sì fẹ́ràn. Ẹṣin tó bá kó o a ní ibà tó ń lọ tó ń bọ̀. A jẹun, síbẹ̀ a máa rù. Erìgì rẹ̀ a funfun nítorí pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dín kù, abẹ́ ikùn àti ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì wú. Àrùn náà ní oògùn, ṣùgbọ́n ewu wà nínú oògùn náà. Abẹ́rẹ́ tí a fi ń gún màlúù lè pa ẹṣin bí a bá fi ojú díwọ̀n rẹ̀, nítorí pé ara ẹṣin kò gbà á tó ti màlúù. Ẹni tó bá ra oògùn lọ́jà tó sì gún ẹṣin rẹ̀ fúnra rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń ṣe é.

Èkejì yára pani ju ti àkọ́kọ́ lọ. Peste équine ni Faransé ń pè é. Kantíkantí, kòkòrò tíntìntín tó kéré sí ẹ̀fọn, ni ó ń gbé e láti ara ẹṣin kan dé ara òmíràn. Láti ìrọ̀lẹ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́ ni kantíkantí ń jẹni, ibi tí omi àti ẹrẹ̀ bá wà ni ó sì ń pọ̀ sí. Ẹṣin tó bá kó àrùn náà a ní ibà líle, kòtò tó wà lókè ojú rẹ̀ a wú, èémí rẹ̀ a ṣòro, ìfòfó a sì máa jáde ní imú rẹ̀. Nígbà tí ó bá mú ẹ̀dọ̀fóró, ọjọ́ díẹ̀ ni ó ń fi pa ẹṣin, àwọn tó ń là á já kò sì pọ̀. Kì í ran ènìyàn láti ara ẹṣin, kò sì ní oògùn tó ń wò ó. Àjẹsára nìkan ni ààbò, a sì gbọ́dọ̀ gún un kí òjò tó fi ẹsẹ̀ múlẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ní ọdún 2007, àrùn yìí pa ẹṣin tó lé ní 1,000 ní orílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gà. Ní ọdún 2020, ó dé Táílàndì fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹṣin láàárín oṣù díẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ náà ní tirẹ̀

Bí òjò bá dá, ewu yí padà ni, kò tán. Nígbà ọyẹ́, koríko a gbẹ, kànga a fà. Ẹṣin tó ń jẹ koríko gbígbẹ láìmu omi tó, inú a máa run ún. Yóò máa wo ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, yóò máa ta ẹsẹ̀ sí ikùn, yóò dùbúlẹ̀, yóò yí gbiri. Inú rírun ẹṣin kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣàfira, ó lè pa á ní ọjọ́ kan. Omi tí ẹṣin kan ń mu lójúmọ́ tó lítà 25, ó sì lè tó 50 nígbà ooru àti iṣẹ́.

Ohun mìíràn tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ ni àgbàdo tó bu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń rò pé èyí tí ènìyàn kò lè jẹ ni a lè kó fún ẹran. Nínú àgbàdo tó bu ni májèlé kan wà tó ń ba ọpọlọ ẹṣin jẹ́. Ẹṣin náà a máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, a máa fi orí ti ògiri, a sì kú. Kò sí oògùn rẹ̀, sísè kò sì mú májèlé náà kúrò. Ibi tí a ń da àgbàdo bẹ́ẹ̀ sí ni ààtàn.

Ẹran ńlá kì í lọ sí ilé ìwòsàn

A ti rí i pé púpọ̀ nínú ìtọ́jú yìí ni a gbọ́dọ̀ ṣe ṣáájú àìsàn. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí dókítà ẹran máa rìn lọ bá ẹṣin. Ẹṣin tí ibà ń ṣe kò gbọ́dọ̀ rin ìrìn kìlómítà 40 lọ sí ìlú. Ìrìn náà lè pa á kí ó tó débẹ̀, ó sì lè gbé àrùn náà dé ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn. Yàtọ̀ sí èyí, bí dókítà bá dé ibùso ẹṣin, yóò rí ohun tí ẹnu olówó ẹṣin kò ní sọ fún un: ẹrẹ̀ tó yí ibẹ̀ ká, omi tí ẹṣin ń mu, àgbàdo tó wà nínú àpò, gàárì tó ti dá egbò sí i lẹ́yìn.

Ìmọ̀ yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1761, ẹlẹ́ṣin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Claude Bourgelat ni ó gba àṣẹ láti dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé, nítorí peste bovine tó ń run màlúù nígbà náà. Ní ọdún 2011 ni a kéde pé àrùn náà ti tán pátápátá láyé. Lára ohun tó mú un tán ni àwọn ará ìlú tí a kọ́ ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rin lọ bá àwọn darandaran níbi tí ọkọ̀ kò lè dé. Àwa náà kò ṣàìní ẹni tó mọ iṣẹ́: láti ọdún 1968 ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn dókítà ẹran ti wà ní Dakar fún àwọn orílẹ̀-èdè wa tó ń sọ Faransé. Dókítà kan tó ní alùpùpù, àpótí oníyìnyín fún àjẹsára àti ohun èlò díẹ̀, lè yẹ ọ̀pọ̀ ẹṣin wò ní ọjọ́ kan, bí àwọn olówó ẹṣin bá ti fi ohùn ṣọ̀kan láti pàdé lójú kan.

Ohun tí a lè ṣe

Fún ẹni tó ní ẹṣin: ẹ pe dókítà wá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó gún àjẹsára, kí ó lo oògùn aràn, kí ó yẹ eyín wò. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n máa gé pátákò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹ ní ìwé kékeré kan fún ẹṣin kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ohun gbogbo tí a bá ṣe sí i. Nígbà òjò, ẹ mú ẹṣin wọlé kí oòrùn tó wọ̀, ẹ fi àwọ̀n olójú kékeré tí a fi oògùn kòkòrò ra bo ojú ilé rẹ̀, ẹ má sì ṣe dá a sí etí odò lọ́sàn-án. Ẹ ra tẹ̀mómítà. Ìgbóná ara ẹṣin tó dá ṣáṣá kì í sábà ju 38.5 lọ.

Fún ẹni tó ń lọ sí Gaani, àti fún àwọn ará Àjàṣẹ́ tó ń yá ẹṣin fún ìnáwó tàbí ìwúyè: ẹ béèrè ìwé ẹṣin náà. Ẹ wo ẹnu, ẹ wo ẹ̀yìn, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Egbò tí ìjánu tàbí gàárì bá dá sí i lára lè di tétanos, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹran tí àrùn yìí ń yára mú tó ẹṣin. Bí a bá mú ẹṣin wá sí ìsàlẹ̀, kí ó má ṣe pẹ́ níhìn-ín. Bí ìnáwó bá ti parí, ẹ jẹ́ kó padà sókè.

Èyí tó le jù lọ ni a fi sí ìkẹyìn. Ẹṣin tí ibà bá ń ṣe ní àárọ̀ Gaani kò gbọ́dọ̀ jáde, ì báà jẹ́ ẹṣin ọmọ ọba. Sísá lè pa á lójú agbo, ẹṣin tó sì ti sàn nínú peste équine nílò ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí wúwo, nítorí pé iyì ìdílé ni à ń gbé gun ẹṣin lọ́jọ́ náà, ojú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ni ó sì ń wò. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bó ti wù kó pẹ́ tó, ẹni tó gun ẹṣin yóò sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ̀ kalẹ̀ fúnra wa, kí ẹṣin tó wó lábẹ́ wa, kí ó lè tún gbé wa ní ọdún tó ń bọ̀.