Bí Ọkọ̀ Bá Dojú Dé, Kí Ọkàn Má Ṣe Dojú Dé

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo ọkùnrin kan tí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀ nínú omi, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà lókè nínú ọkọ̀. Omi náà tutù tó bẹ́ẹ̀ tí yìnyín ńláńlá fi ń léfòó lórí rẹ̀. Kò sí igi tí yóò dì mú, kò sí ilẹ̀ tí yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ọkọ̀ náà sì dì í mú ní ìbàdí bí ẹni pé a rán an mọ́ ọn. Ohun kan ṣoṣo tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni àjẹ̀ tí ó fi ń tu ọkọ̀. Àjẹ̀ ni mo wí o, n kò wí àjẹ́! Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò sọ pé ọ̀ràn ti parí fún un. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ àwọn tí wọ́n ni ọkọ̀ yìí, bí ọkùnrin náà bá jẹ́ ẹni tí a kọ́ dáadáa, kí á tó ka ení, èjì, dé márùn-ún, yóò ti padà jókòó lójú omi, yóò máa nu ojú rẹ̀.

Ọkọ̀ tí mo ń sọ yìí ni kayak. Àwọn ènìyàn Inuit, tí àwọn ìwé jọ́gíráfì àtijọ́ ń pè ní Èskímò, ni wọ́n ni ín, òkìkí àwọn ti ilẹ̀ Greenland nínú wọn sì kàn púpọ̀ nípa rẹ̀. Qajaq ni àwọn fúnra wọn ń pè é. Ilẹ̀ wọn kò ní igbó tí a ti lè gé gẹdú. Igi tí àwọn odò Siberia gbé dé òkun, tí òkun sì gbé wá sí etí ilẹ̀ wọn, ni àwọn baba wọn ń ṣà fi ṣe egungun ọkọ̀, tí wọ́n sì ń fi awọ seali bò ó, awọ tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ti ka ìwé Ẹ́kísódù nínú Bíbélì wa. Ọkọ̀ náà a máa gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 17, ṣùgbọ́n ìbú rẹ̀ kò pé ẹsẹ̀ bàtà 2. Ihò kan ṣoṣo ni ó wà láàárín rẹ̀, níbi tí ọdẹ ń jókòó sí. Ọdẹ a wọ ẹ̀wù awọ tí wọ́n ń pè ní tuilik, a fún un mọ́ ojú, a fún un mọ́ ọrùn ọwọ́, a sì so etí rẹ̀ mọ́ ẹnu ihò náà, kí omi má bàa rí ọ̀nà wọlé.

Ní ibi tí ọgbọ́n yìí wà, ibẹ̀ náà ni ewu wà. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tiwa, bí ó bá dojú dé, a da ènìyàn sínú omi, ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n wẹ̀ a sì wẹ̀ lọ sí èbúté. Kayak a gbé ènìyàn dání. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọdẹ àtijọ́ wọ̀nyí ni kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n wẹ̀, nítorí pé omi ibẹ̀ kì í ṣe omi tí à ń wẹ̀. Bí ènìyàn bá ṣubú sínú omi tí ó tutù báyìí, ohun àkọ́kọ́ tí ara rẹ̀ yóò ṣe ni pé yóò mí gúlegúle láìjẹ́ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnu bá wà nínú omi ní ìṣẹ́jú náà, omi ni yóò fà símú. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, ìka ọwọ́ kì í gbọ́ràn sí ènìyàn lẹ́nu mọ́.

Ó wá kù kí á béèrè: kí ni ó ń jẹ́ kí ọkàn ẹni tí ó wà nínú irú ipò yìí balẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àbímọ́ni ni ìfọ̀kànbalẹ̀, pé Ọlọ́run dá àwọn kan ní akọni, ó sì dá àwọn yòókù ní ojo. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ìtàn àwọn ará Greenland fúnra wọn ni ó sì là mí lójú.

Láti ọ̀rúndún 19 ni àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Denmark ti ń ròyìn àìsàn kan tí ó ń ṣe àwọn ọdẹ orí kayak, èyí tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní nangiarneq. Ẹ má ṣe rò pé ọjọ́ ìjì ni ó ń mú wọn. Ọjọ́ tí òkun bá dákẹ́ rọ́rọ́ bí dígí ni, tí oòrùn ń tàn sí ojú, tí ọdẹ sì jókòó jẹ́ẹ́ láìmira tí ó ń ṣọ́ seali. Lójijì, kò ní mọ ibi tí omi parí sí àti ibi tí ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀ mọ́. Yóò dà bí ẹni pé ọkọ̀ ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí pé omi tútù ń wọlé láti ìsàlẹ̀. Ara rẹ̀ a gan, ọwọ́ rẹ̀ a kọ̀ láti gbé àjẹ̀. Ìgbì kò sí, ọkọ̀ kò yí, síbẹ̀ ẹ̀rù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Bí ẹlòmíràn bá tu ọkọ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tàbí bí afẹ́fẹ́ díẹ̀ bá fẹ́ tí ojú omi sì rú, tàbí bí òun fúnra rẹ̀ bá lè mi ọwọ́ kí àjẹ̀ sì kan omi, ìdààmú náà a fò lọ. Àwọn kan wà tí wọn kò lè wọ kayak mọ́ láé lẹ́yìn rẹ̀. Ọdẹ tí kò lè wọ kayak láyé ìgbà náà, kí ni yóò fún ìyàwó àti ọmọ jẹ?

Àwọn ọkùnrin yìí kì í ṣe ojo rárá; ọ̀pọ̀ nínú wọn ti la ìjì kọjá. Ẹ wò ó dáadáa: nígbà tí ọwọ́ dilẹ̀ ni ẹ̀rù wọlé, nígbà tí ọwọ́ sì rí iṣẹ́ ṣe ni ó jáde. Nítorí náà ni gbogbo ẹ̀kọ́ kayak fi jẹ́ ẹ̀kọ́ ohun tí ọwọ́ yóò ṣe.

Ẹni tí ó bá ti fi àtẹ́lẹwọ́ gbá omi odò rí mọ̀ pé omi, bí ó ti rọ̀ tó nì, a máa le koko bí a bá fi ohun pẹrẹsẹ lù ú. Orí èyí ni wọ́n kọ́ gbogbo rẹ̀ lé. Àjẹ̀ kayak ní ojú fífẹ̀ ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ tẹ̀ sí ọ̀tún, atukọ̀ yóò na àjẹ̀ sí ọ̀tún, yóò tẹ́ ojú rẹ̀ lé omi, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ yóò wà lókè ọ̀pá àjẹ̀ bí ti ẹni tí ó fẹ́ fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde lórí tábìlì, yóò sì tì í mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ a dúró. Bí ó bá ti tẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbọ̀nwọ́ yóò bọ́ sí ìsàlẹ̀ ọ̀pá, bí ti ẹni tí ó rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi. Níhìn-ín kí ó ṣọ́ra, kí ọwọ́ má ga ju èjìká lọ, nítorí pé agbára omi lè yẹ eegun èjìká kúrò ní ipò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àjẹ̀ tí ó bá dúró lójú kan yóò rì. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ mìíràn fi wà, tí èmi gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Atukọ̀ a máa fa àjẹ̀ lọ síwájú, a tún fà á padà sẹ́yìn lójú omi, bí ẹni ń fi ọ̀bẹ pa bọ́tà sí ara búrẹ́dì. Ibi tí àjẹ̀ bá dorí kọ ni kí etí rẹ̀ gbé sókè díẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń lọ tí ó ń bọ̀, kò ní rì, atukọ̀ sì lè dùbúlẹ̀ lórí omi, kí etí rẹ̀ wà nínú omi, kí ó máa wo ojú ọ̀run bí ẹni tí ó sùn sórí ẹní. Innaqatsineq ni àwọn ará Greenland ń pe irú ìdùbúlẹ̀ yìí. Ọmọ tí ó bá ti sùn sórí omi báyìí ní ìgbà mélòó kan kò tún ní máa wo omi bí ọ̀tá.

Láti ibẹ̀ ni a ti ń kọ́ bí a ti ń yí dìde. Àjẹ̀ ni yóò fún ara ní ibi ìfẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n orúnkún àti ìbàdí ni wọn yóò gbé ọkọ̀ dìde, kì í ṣe apá. Orí ni yóò jáde kẹ́yìn pátápátá. Ibí yìí ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọsẹ̀. Èémí ni olúkúlùkù ń wá, nítorí náà orí ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé sókè. Orí ènìyàn sì wúwo. Bí ó bá wà nínú omi, omi ní ń gbé e, ṣùgbọ́n bí ó bá jáde, ọkọ̀ ni yóò gbé e, ọkọ̀ a sì padà dojú dé. Àwọn àgbà wa ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Mo ti rí i kà pé àwọn tí ó sanra lápá ni ó máa ń pẹ́ jù kí wọ́n tó mọ ọ̀nà yìí, kò sì yà mí lẹ́nu.

Kí gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀, a gbọ́dọ̀ ti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ti ń jáde. Olùkọ́ tí ó bá gbé ọmọ sínú kayak láìkọ́ ọ ní èyí, n kò pè é ní olùkọ́. Nínú omi tí kò jìn ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọmọ a tẹ̀ síwájú, a fa okùn tí ó wà níwájú aṣọ tí ó bo ihò náà, a fi ọwọ́ méjèèjì ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, a sì bọ́ jáde bí ẹni tí ń bọ́ ṣòkòtò. Àwọn olùkọ́ mìíràn a ní kí ó ka ení dé márùn-ún lábẹ́ omi ná kí ó tó fa okùn, kí ó lè mọ̀ fúnra rẹ̀ pé àyè wà.

Ní Greenland, orí ilẹ̀ gbígbẹ pàápàá ni apá kan ẹ̀kọ́ náà wà. Wọn a ta okùn sáàárín òpó, wọn a sì máa yí lórí rẹ̀, orí sílẹ̀, ẹsẹ̀ sókè, títí ara yóò fi mọ̀ ọ́n. Ní 1985 wọ́n dá ẹgbẹ́ Qaannat Kattuffiat sílẹ̀ kí ọgbọ́n náà má bàa parun, nínú ìdíje wọn sì ni a ti ń rí oríṣi ìyídìde tí ó lé ní 30. Òmíràn wà tí a ń fi ìgbọ̀nwọ́ ṣe, òmíràn wà tí a ń di bíríkì mú ṣe. Ẹni tí ó bá wò ó lè pè é ní eré apanilẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọdẹ tí àjẹ̀ rẹ̀ ti bọ́ sọnù, tàbí tí okùn ọ̀kọ̀ rẹ̀ ti so ọwọ́ kan mọ́ ọkọ̀, ọ̀nà wo ni yóò gbà dìde bí kò bá ti kọ́ ọ sílẹ̀?

Fridtjof Nansen, ará Norway tí ó la ilẹ̀ Greenland já ní 1888, kọ́ kayak lọ́dọ̀ wọn, ó sì ṣe àlàyé ọgbọ́n yìí nínú ìwé. Ní 1927, Hans Pawlata ti ilẹ̀ Austria, tí ó ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, kọ́ ara rẹ̀ títí ó fi yí dìde. Lónìí ó ti di eré ìdárayá káàkiri ayé, títí kan orí odò tí ń ru gùdù. Ní ìdíje Òlíńpíìkì ti London ní 2012, Jonathan Akinyemi ni ó díje fún Nàìjíríà nínú eré kayak orí omi ríru. Nínú eré náà, bí ọkọ̀ bá dojú dé tí atukọ̀ sì yí i dìde, eré rẹ̀ ń bá a lọ. Bí ó bá jáde nínú ọkọ̀, eré ti parí fún un.

Bí ó ti wù kí ó rí, àjẹ̀ nìkan kò tó. Gino Watkins, ọ̀dọ́mọkùnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́ kayak lọ́wọ́ àwọn ará Greenland nígbà tí ó ṣe olórí ìrìn-àjò kan lọ síbẹ̀ ní 1930 sí 1931, ó sì mọ̀ ọ́n yí dáadáa. Ní August 1932 ó dá nìkan jáde lọ dọdẹ seali. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ọkọ̀ rẹ̀ tí ó ń léfòó, wọ́n rí ṣòkòtò rẹ̀ lórí yìnyín kan. Òun gan-an ni wọn kò rí títí di òní. Ọmọ ọdún 25 ni.

Nítorí náà ni àwọn tí ń kọ́ni fi tún ń fi ẹ̀kọ́ kan kún un fún ẹni tí ó gbìyànjú láti yí dìde tí kò ṣeé ṣe. Kò ní jáde. Yóò na ọwọ́ méjèèjì sókè láti abẹ́ omi, yóò fi gbá ìdí ọkọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kí ẹnìkejì rẹ̀ lè gbọ́, yóò sì máa fi ọwọ́ náà wọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lọ síwájú, sẹ́yìn, títí imú ọkọ̀ ẹnìkejì yóò fi bọ́ sí i lọ́wọ́. Yóò di ìyẹn mú, yóò fi ìbàdí yí ọkọ̀ rẹ̀ dìde, orí rẹ̀ yóò sì jáde kẹ́yìn.