Ta Ló Yí Orin Kọ́ńtírì Padà?

Ní Ayépé, àti káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Kérésìmesì kì í lọ láìgbọ́ ohùn Jim Reeves, olórin kọ́ńtírì ọmọ Amẹ́ríkà. Àwo orin Kérésìmesì tó gbé jáde ní 1963 ṣì ń dún lórí rédíò, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ tó ń bá a kọ ọ́ kò tí ì sí láyé nígbà tí ọkùnrin náà kú. Ní ti àwọn àgbà tó ti ń gbọ́ kọ́ńtírì láti ayé àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n máa ń rò: àwọn olórin òde òní ti ba orin náà jẹ́. Ìlù ti pọ̀ jù, ọtí àti ọkọ̀ ni wọ́n ń kọ, ìtàn kò sí níbẹ̀ mọ́.

Òótọ́ wà nínú ẹjọ́ náà. Àmọ́ wọ́n ti rò ó rí, Jim Reeves àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì rò ó mọ́ lẹ́sẹ̀.

Orin àwọn àgbẹ̀ àtàwọn òṣìṣẹ́ gúúsù Amẹ́ríkà ni kọ́ńtírì. Fáyólìn àti bánjò ló ń gbé e rìn. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ni bánjò ti wá. Irú rẹ̀, akonting, ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ẹ̀yà Jola ní Senegal àti Gambia. Ní 1925, ilé iṣẹ́ rédíò WSM ní ìlú Nashville bẹ̀rẹ̀ ètò tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Grand Ole Opry. Aláwọ̀ dúdú wà lára àwọn ìràwọ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀: DeFord Bailey, tó máa ń fi hàmóníkà lásán ṣe ìró rélùwéè, látìgbà tó bá gbéra títí dìgbà tó bá ń fọn fèrè.

Nígbà tó di nǹkan bí 1956, Elvis Presley àti orin rọ́kì ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ, ọjà kọ́ńtírì sì ń kú. Kí ni wọ́n ṣe sí i? Chet Atkins tó ń bá ilé iṣẹ́ àwo orin RCA ṣiṣẹ́, àtàwọn mìíràn bíi tirẹ̀, yọ bánjò kúrò, wọ́n kó àwọn elégbè àti ọ̀wọ́ fáyólìn tó ń dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ wọlé. Jim Reeves tó ti máa ń kọrin sókè tẹ́lẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀, ó fi ẹnu sún mọ́ máìkì bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí olólùfẹ́ létí. Bó ṣe kọ "Four Walls" nìyẹn ní 1957. Àwọn olùfẹ́ kọ́ńtírì ayé ọjọ́un fárígá pé orin wọn ti bàjẹ́. Ohùn yẹn gan-an ni àwọn àgbà tiwa ń pè ní ojúlówó lónìí. Ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú ló pa Reeves ní July 31, 1964, lẹ́ni ogójì ọdún.

Nílé níbí, ẹni tó bá ti jó jùjú lóde ìnáwó ní Ìjẹ̀bú-Òde ti jó sí ohun èlò kọ́ńtírì, ó lè má mọ̀ ni. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, King Sunny Adé fi irú gìtá kan tí wọ́n ń pè ní pedal steel kún ẹgbẹ́ rẹ̀, Demọ́lá Adépọ̀jù ló sì ń ta á. Ìjókòó ni wọ́n ń ta á. Gìtá náà á dùbúlẹ̀ gbalaja níwájú ẹni tó ń ta á. Ọwọ́ òsì á máa fi irin yọ̀ lórí okùn, ọwọ́ ọ̀tún á máa já okùn náà, ẹsẹ̀ á máa tẹ pẹ́dà kí ohùn lè máa lọ sókè sódò bí ẹkún. Àwo "Juju Music" gbé ìró yìí kárí ayé ní 1982. Ní 1986, Adépọ̀jù kan náà ló ta gìtá yìí fún Paul Simon nínú orin "Graceland".

Láàárín ìgbà yẹn, Don Williams, Kenny Rogers àti Dolly Parton ti gba orí rédíò wa. Orin wọn kò yára, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ń yéni, ìtàn sì ni. "Coat of Many Colors" tí Parton gbé jáde ní 1971 dá lórí ìyá tálákà tó fi àkísà rán kóòtù fún ọmọ rẹ̀, tí àwọn ọmọ iléèwé sì fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Lẹ́yìn wọn ni ariwo dé. Garth Brooks gbé kọ́ńtírì lọ sí pápá ìṣeré ńláńlá láàárín àwọn ọdún 1990. Shania Twain pò ó mọ́ rọ́kì ní 1997. Ní 2019, ìwé ìròyìn Billboard yọ "Old Town Road" ti Lil Nas X kúrò lórí àtẹ orin kọ́ńtírì, wọ́n ní kò jọ kọ́ńtírì tó. Orin ọ̀hún lo ọ̀sẹ̀ 19 ní ipò kìíní lórí àtẹ gbogbogbòò. Ní 2024, Shaboozey fi "A Bar Song" bá a dọ́gba. Collins Obinna Chibueze lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìgbò láti Nàìjíríà sì làwọn òbí rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, Beyoncé gbé "Cowboy Carter" jáde, ó sì gba ẹ̀bùn Grammy fún àwo kọ́ńtírì tó dára jù ní 2025.

Ìtàn kò sì tí ì tán nínú orin náà. Luke Combs tún "Fast Car" kọ ní 2023, orin tí Tracy Chapman, obìnrin aláwọ̀ dúdú, gbé jáde ní 1988 nípa ọmọbìnrin tó fi iléèwé sílẹ̀ kó lè tọ́jú bàbá rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀mùtí. Orin náà gba ẹ̀bùn ẹgbẹ́ kọ́ńtírì Amẹ́ríkà fún orin ọdún, Chapman sì di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lọ́wọ́ nítorí orin tó kọ. Bí olùfẹ́ Jim Reeves kan ní Ayépé bá ní kí ọmọ rẹ̀ bá òun wá kọ́ńtírì tuntun lórí fóònù, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.