Ọ̀sán Ti Pọ́n Kí N Tó Mọ Iṣẹ́ Ìtàgé

Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ fún mi nígbà tí mo gba oyè ọ̀mọ̀wé pé ayùn àti òòlù ni n óò máa gbé kiri nígbà tí mo bá pé ẹni ọdún 43, n óò ní onítọ̀hún ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà ni. Eré oníṣe ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti inú ìwé ni. Ibi tí òǹkọ̀wé bá ti kọ ọ́ pé 'Ní ààfin ọba', wéré ni a ó kà á kọjá.

Ní ọdún náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fẹ́ ṣe eré kan tí ó dá lórí ọba. Ẹni tí a gbé títò ìtàgé fún gba owó, ó sì di àwátì nígbà tí ó ku ọjọ́ 9. Èmi ni mo gba iṣẹ́ náà ṣe. Mo ra pákó, mo ra ọ̀dà, mo sì gé àdìrẹ kan tí ìyàwó mi kò tí ì dárí rẹ̀ jì mí títí di òní. Nígbà tí iná tàn tí mo rí ògiri tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé dúró, inú mi dùn ju ọjọ́ tí ìwé mi àkọ́kọ́ jáde lọ.

Lẹ́yìn eré, ìyá àgbà ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà wá bá mi. Ó kí mi kú iṣẹ́ tán, ó ní, 'Tíṣà, ilé yín dára. Ilé ta ni?' Mo ní ààfin ni. Ìyá rẹ́rìn-ín. 'Ààfin tí kò ní kọ̀bì! Ọba àti ẹni tí ó wá rojọ́ ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé!'

Oorun kò kùn mí ní òru ọjọ́ náà. Samuel Johnson mẹ́nu ba kọ̀bì nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní 1921. Mo ti ka ìwé náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n n kò fojú inú rí òrùlé gíga tí ó yọ síwájú lára ògiri ààfin rí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lo òpin ọ̀sẹ̀ mi láti ààfin kan dé èkejì, tèmi ti okùn ìwọ̀n. Òpó ni ó gbà mí lọ́kàn jù. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tí ó kú ní 1938, gbẹ́ òpó fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú wọn wà ní ilé ọnà ní Chicago báyìí. Ọba jókòó, olorì àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, olorì sì ga ju ọba lọ fíìfíì. Ohun tí ìran kan gbáko nínú eré ń wá ọ̀nà àtisọ, igi kan ti sọ ọ́.

Àwọn alárìnjó àtijọ́ kò ru ògiri kiri. Ìta ọba ni ìtàgé wọn, ilé tòótọ́ ni ó yí wọn ká. Ìgbà tí eré wọ gbọ̀ngàn, bíi Glover ní Èkó níbi tí Hubert Ògúndé ti ṣe eré rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1944, ni ó di dandan kí ẹnì kan ṣe ilé náà. Demas Nwoko, ọmọ Idumuje-Ugboko, ni ó tò ìtàgé fún eré Ọ̀mùtí tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá ṣe ní Ìbàdàn ní 1963. Ilé gidi ni ó padà ń yàwòrán rẹ̀, títí wọ́n fi dá a lọ́lá ní Venice ní 2023 nítorí iṣẹ́ ilé yíyà.

Ní kíláàsì mi, a kì í ka 'Ní ààfin ọba' kọjá mọ́. Mo máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ya ibi tí olorì ń gbà wọlé sára pátákó. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò gbé agboolé rí. Ẹlòmíràn á di ẹfun mú, á sì dúró.

Nígbà tí a tún ṣe eré mìíràn, mo ṣe kọ̀bì, mo ya ọ̀nà méjì, mo sì ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí àgbàlá ká. Ìyá náà tún wá. Ó fọwọ́ kan òpó kọ̀ọ̀kan, ó wo òkè, ó ní, 'Ó kù díẹ̀. Òjò bá rọ̀, níbo ni omi ń gbà?'

Èmi àti káfíńtà tí ń kọ́ mi níṣẹ́ ṣì wà lórí rẹ̀. Agbada mẹ́ta ni a ti bàjẹ́.