Ìpànìyàn ní Akote: Ọ̀rọ̀ Kan fún Ẹ̀yin Òbí Tí Ẹ Ń Fi Ọmọ Lé Ìránṣẹ́ Ọlọ́run Lọ́wọ́

Ìbéèrè kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá nínú ìjọ: ó ha yẹ kí a jẹ́ kí àwọn ọmọ wa wo sinimá tí a ti pa ènìyàn, tí a sì fi àlùfáà ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀ nínú rẹ̀? Ìdáhùn wa yóò gùn díẹ̀. A sì bẹ̀ yín kí ẹ fi sùúrù gbọ́ ọ.

Sinimá tí a ní lọ́kàn ni October 1, èyí tí Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, ṣe, tí Ọ̀gbẹ́ni Túndé Babalọlá sì kọ ìtàn rẹ̀. Ọdún 2014 ni ó jáde. Ìlú kékeré kan tí a pè ní Akote ni ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀. Ẹ má ṣe wá a lórí àwòrán ilẹ̀, nítorí ọkàn òǹkọ̀wé nìkan ni ó wà. Ọdún 1960 ni, òmìnira Nàìjíríà sì kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ń rí òkú àwọn wúńdíá nínú ìgbẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ìjọba wá rán Inspẹ́kítọ̀ Dan Waziri, ọlọ́pàá kan tí í ṣe ọmọ Òkè Ọya, láti wá ìdí rẹ̀. Sadiq Daba, ẹni tí ó papòdà ní 2021, ni ó ṣe ipa yìí, ó sì ṣe é tó bẹ́ẹ̀ tí àárẹ̀ ọkùnrin náà fi ń ran ẹni tí ń wò ó.

Gẹ́gẹ́ bí ìwà àwa ènìyàn, àlejò ni ìlú kọ́kọ́ fura sí: ọmọ Hausa kan ni wọ́n dì mú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òun. Ní àkókò náà gan-an ni Adérọ́pò, ọmọ ọba, dé láti ilé ẹ̀kọ́, ẹni àkọ́kọ́ ní Akote tí ó gba oyè yunifásítì. Ìlú lu ìlù, wọ́n jó. (Ẹni tí kò bá tíì wò ó, tí ó sì fẹ́ fúnra rẹ̀ wá apànìyàn náà, kí ó fò kọjá sí ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ Òṣogbo.) Adérọ́pò ni apànìyàn.

Kí ni ó mú un ṣe bẹ́ẹ̀? Nígbà tí ó wà lọ́mọdé, a fi òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà lé Àlùfáà Dowling lọ́wọ́, ẹni tí ó bá wọn rí ọ̀nà ilé ìwé gíga ní Èkó. Ọkùnrin náà sì bà wọ́n jẹ́. Àgbẹ́kọ̀yà sá padà wá sílé, ó di àgbẹ̀, ó sì kórìíra ìwé; gbogbo ìlú kà á sí òpè. Adérọ́pò ní tirẹ̀ fara dà á, ó kàwé yanjú, oró náà sì jẹ ọkàn rẹ̀ run.

Ọ̀ràn Àgbẹ́kọ̀yà ni ó dùn wá jù. Ọmọ tí orí rẹ̀ pé dédé ní òun kò lọ sí ilé ìwé mọ́; wọ́n bá a wí, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́; ta ni ó mú un lọ sí kọ̀rọ̀ bi í léèrè pé, “Ọmọ mi, kí ni wọ́n ṣe fún ọ?” Kò sí ẹnìkan.

A ní ẹ̀sùn kan sí sinimá náà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọmọ tí a bá bàjẹ́ báyìí yóò di apànìyàn. Ọ̀pọ̀ jùlọ wọn kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Wọ́n kàn ń dá ru ẹrù ìrora wọn ni, títí wọ́n fi di bàbá àti ìyá àgbà. Ẹ̀jẹ̀ àwọn wúńdíá Akote kò sì di ohun kékeré nítorí ìyà tí ó jẹ ọmọ ọba. Ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀ jẹ́ òtítọ́ kíkorò: àwọn ìjòyè òyìnbó bẹ Waziri pé kí ó fi orúkọ apànìyàn náà pamọ́, kí ayọ̀ òmìnira má baà dàrú. Ó sì gbà.

Nísinsìnyí, Òṣogbo. Àwa ará ìlú yìí kò lè sọ pé eré kò ní ohun kan í ṣe pẹ̀lú ilé Ọlọ́run. Dúró Ládipọ̀, ọmọ olùkọ́ ìjọ, ni ó mú ìlù Yorùbá wọ inú orin Àjíǹde ní ìjọ All Saints ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Àwọn kan fi ìbínú kọ̀ ọ́. Ó kó eré rẹ̀ jáde, ó ṣí Mbárí Mbáyọ̀ ní 1962, Ọba Kò So sì gbé e dé Berlin ní 1964. Ní Iléṣà tí kò jìnnà sí wa ni a ti bí Mike Bámilóyè, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ eré Mount Zion sílẹ̀ ní 1985, tí ó sì sọ sinimá di àga ìwàásù. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ láìfi bò: ìjọ a máa tètè gbọ́ ariwo ìlù. Ẹkún ọmọdé lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí a tì, ìyẹn ni etí wa kì í tètè gbọ́.

Kì í ṣe pé gbogbo àlùfáà inú sinimá ni ó burú. Ní ọdún 2025, Rian Johnson ará Amẹ́ríkà ṣe ọ̀kan, Wake Up Dead Man, nínú èyí tí a pa àlùfáà ìlú kékeré kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, tí a sì fura sí Jud, igbákejì rẹ̀ tí í ṣe ọ̀dọ́. Nígbà tí ìwádìí gbóná, Jud ń bá obìnrin kan tí ń jẹ́ Louise sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, ó gbọ́ pé ìyá rẹ̀ ń kú lọ, ó sì pa ìwádìí tì láti bá a gbàdúrà. Irú olùṣọ́-àgùntàn bẹ́ẹ̀ kò ní bínú bí òbí bá bi í ní ìbéèrè.

Nítorí náà, ẹ bèèrè. Bí wọ́n bá ní kí ọmọ yín wá kọ́ ẹ̀kọ́ ní ilé míṣọ́n, ta ni ó tún wà níbẹ̀? Ṣé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀? Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ẹni tí ó ti fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, ẹ má ṣe kọ́kọ́ mú pàṣán. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà láti ọdún 2003, kò sì yọ ẹni tí ó wọ aṣọ oyè àlùfáà sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni a ń mú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ, kì í ṣe ìgbìmọ̀ ìjọ nìkan.

Ní ti sinimá náà, kì í ṣe fún ọmọdé. Ẹ̀yin òbí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò ó, ní alẹ́ tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Àwọn tí ó ti gòkè àgbà lè wò ó lẹ́yìn náà, kí bàbá tàbí ìyá jókòó tì wọ́n, kí wọ́n má sì yára dìde nígbà tí ó bá parí.