Tíkẹ́ẹ̀tì Bàálù Tí A Fagi Lé: Ọwọ́ Ta Ni Owó Wà?

Ká ní Ṣàbí ni orúkọ ọmọkùnrin kan ní Bantè. Bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é nìyẹn, ṣùgbọ́n Chabi ló wà nínú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, torí lẹ́tà Faransé ni wọ́n fi ń kọ orúkọ ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Èkó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún un lórí fóònù, ó sì kọ Shabi. Bákan náà ni Adjibadé níbí ṣe ń di Ajibade lọ́hùn-ún. Lójú wa, ẹnì kan náà ni. Lójú ẹni tó ń yẹ ìwé wò ní pápákọ̀ òfurufú Kútọnu, ó lè di ẹni méjì.

Kí ẹ tó fagi lé ohunkóhun nítorí irú èyí, ẹ kọ́kọ́ pe ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì náà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù ló ń tún lẹ́tà kan tàbí méjì ṣe láìpa tíkẹ́ẹ̀tì rẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ìrìn-àjò ni a ṣì mú, tàbí bí bàbá bá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kúrò nílé kí ọdún iṣu Savalou ti 15 oṣù kẹjọ tó kọjá, ó lè di dandan kí a fagi lé e. Ọjọ́ tí wọ́n tẹ tíkẹ́ẹ̀tì náà sì ni aago ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́.

Ẹ wo ọ̀nà tí owó ń gbà ná. Bí ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àjáǹsì, owó yín kì í dé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù lójú ẹsẹ̀. Àjáǹsì á tẹ tíkẹ́ẹ̀tì jáde pẹ̀lú nọ́ńbà 13. Mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú wọn ló ń sọ ilé-iṣẹ́ tó ni ín: 057 ni Air France, 071 ni Ethiopian, 147 ni Royal Air Maroc. Lẹ́yìn náà ni ìṣirò á gba ọ̀nà tí IATA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù lágbàáyé, là sílẹ̀ láti fi gba owó lọ́wọ́ àwọn àjáǹsì. Kí wọ́n tó pa ìwé ìṣirò ọjọ́ náà dé, èyí tó sábà máa ń jẹ́ òru ọjọ́ tí wọ́n tẹ tíkẹ́ẹ̀tì, àjáǹsì lè pa á rẹ́ bí ẹni pé wọn ò tẹ̀ ẹ́ rí. Ilé-iṣẹ́ bàálù ò ní gba kọ́bọ̀, kò sì ní bu ìtanràn. Owó iṣẹ́ àjáǹsì fúnra rẹ̀ nìkan ló lè má padà.

Ó dà bíi gaàrí tí ẹ rà lọ́jà Savalou. Bí ẹ bá yí ọkàn padà nígbà tí owó ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ ìyá ológaàrí, á kàn nà án sí yín ni. Bó bá ti fi san gbèsè ẹ̀gẹ́, á ní kí ẹ padà wá lọ́jọ́ ọjà mìíràn.

Ibí yìí lọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Wọ́n ti gbọ́ pé wákàtí 24 wà. Ẹni tó sanwó ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, tó pe àjáǹsì ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, á gba owó rẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Ẹni tó pè ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kò tíì lo wákàtí 24, síbẹ̀ wọ́n ti lè pa ìwé ìṣirò náà dé. Nítorí náà, ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá rí ọkọ̀ láti Bantè. Ọ̀nà Kútọnu ju 200 kìlómítà lọ, ilẹ̀ á ti ṣú. Ẹ pè é, kí ẹ sì tún kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí wákàtí tí ẹ sọ ọ́ lè hàn.

Wákàtí 24 gan-an, òfin Amẹ́ríkà ni. Láti oṣù kìíní 2012 ni wọ́n ti ní kí ilé-iṣẹ́ bàálù tó ń lọ sí Amẹ́ríkà tàbí tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ yan ọ̀kan nínú méjì: kó bá èrò di àyè àti iye owó mú fún wákàtí 24 láìgba owó, tàbí kó jẹ́ kí èrò fagi lé e láàárín wákàtí 24 láìsí ìtanràn. Ó ní gbèdéke: ìrìn-àjò náà gbọ́dọ̀ ku ọjọ́ méje ó kéré tán, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ bàálù fúnra rẹ̀ ni ẹ sì gbọ́dọ̀ ti rà á. Ọmọ yín ní Houston tó rà á tààrà wà lábẹ́ rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì Kútọnu sí Abidjan kò sí níbẹ̀.

Yúróòpù ńkọ́? Ọjọ́ 14 tí òfin ibẹ̀ fún ẹni tó rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò kan tíkẹ́ẹ̀tì ìrìn-àjò. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń fún ènìyàn ní wákàtí 24 láti inú ìfẹ́ ara wọn. Inú àdéhùn tí à ń tẹ̀ kọjá láìkà ló máa ń wà.

Bí àkókò bá ti kọjá, ẹ wo bóyá wọ́n kọ «non remboursable» sí i, ìyẹn pé owó rẹ̀ kì í padà. Bó bá wà níbẹ̀, owó ọkọ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n owó orí pápákọ̀ tí wọ́n ń san torí pé èrò wọ bàálù ṣì ṣe é béèrè. Òfin Faransé fún ẹni tó tà á ní Faransé ní ọjọ́ 30 láti dá a padà lẹ́yìn tí ẹ bá béèrè. Kò pọ̀, àmọ́ owó yín ni. Ẹ sáà fagi lé e kí bàálù tó gbéra. Ẹni tí kò yọjú, tí kò sì sọ̀rọ̀, sábà máa ń pàdánù ìrìn-àjò àbọ̀ náà mọ́ ọn.

Ọ̀tọ̀ ni kí ilé-iṣẹ́ bàálù fúnra rẹ̀ fagi lé ìrìn-àjò. Òfin nọ́ńbà 03 ti 2003 tí UEMOA, ẹgbẹ́ ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó ń ná owó CFA, ṣe, tó sì dé Bẹ̀nẹ̀, dáàbò bo èrò níbẹ̀, ẹ sì lè béèrè owó yín láìka ohun tí wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì sí.

Ibi tí owó ti wá ló sábà ń padà sí. Bí káàdì báńkì àbúrò yín ní Paris ló sanwó, Paris ló ń lọ, kì í ṣe àpò owó MoMo orí fóònù yín ní Bantè. Ẹni tó bá pè yín pé òun fẹ́ dá owó tíkẹ́ẹ̀tì padà, tó ní kí ẹ ka nọ́ńbà àṣírí MoMo fún òun, olè ni.

Ní tèmi, àwọn tó ń sanwó tíkẹ́ẹ̀tì kí fisà tó jáde ló ń dùn mí jù. Ìwé pé a ti di àyè mú ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ aṣojú ń béèrè, kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì tí a ti san.

Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá wọ fóònù yín lónìí, ẹ mú pásípọ́ọ̀tù, kí ẹ ka orúkọ àti ọjọ́ ibẹ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó sùn.